Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lára Mọ̀ríámọ̀

Ní agbolé Elépo ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí Mọ̀ríámọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó máa ń wí ni pé òun ti tó ẹni tí ń ru omi láti odò wálé nígbà tí Aláàfin Ládìgbòlù àkọ́kọ́ gorí ìtẹ́. Àwọn tó mọ̀wé a fi ìyẹn ṣírò, wọ́n a ní yóò ti máa sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tó bá rí i lórí ìrìn kò ní gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kò tẹ̀. Òun ló ń gbálẹ̀ iwájú yàrá rẹ̀, òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀, ìdúró ló sì fi ń kírun, kì í jókòó kírun bí àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn. Bí wọ́n bá sun àgbàdo nínú agbolé, wọ́n a mú tirẹ̀ wá pẹ̀lú ṣùkù, a sì jẹ ẹ́ tán.

Aṣọ kíjìpá ló ń hun nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló fi tọ́ ọmọ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀, Sùmọ́nù, ṣubú lójú ọ̀nà oko tí kò sì dìde mọ́. Nígbà tí àwọn tó ń ra kíjìpá ṣọ̀wọ́n lọ́jà, òfì rẹ̀ dúró ti ògiri, adìyẹ ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ yé ẹyin. Òwú nìkan ló kù tó ń ràn, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí ó dilẹ̀.

Nínú ọmọ tó bí, mẹ́ta ló dàgbà. Múrítàlá ni àkọ́bí, awakọ̀ ni. Ó jẹun alẹ́ tán, ó ní orí ń fọ́ òun, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Nùrẹ́nì tó tẹ̀lé e jẹ́ télọ̀. Òun ṣubú lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ ti dá ṣáṣá láàárọ̀, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Marufat nìkan ló kù, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń ta abọ́ àti ìkòkò onírin ní ọjà Akẹ̀sán. Ọkọ rẹ̀ ti bá ìyàwó tuntun kó lọ sí Ìbàdàn, òun sì padà wá sínú yàrá ìyá rẹ̀. Mùjídàt, opó Nùrẹ́nì, wà ní yàrá tó kọjú sí tiwọn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ni, lọ́dún kejì tí ètò ìjọba tí wọ́n ń pè ní Sáàpù dé tí gbogbo nǹkan ń gbówó lórí. Mọ̀ríámọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rànwú, nígbà tí baálé agbolé mú àlejò méjì tọ̀ ọ́ wá. Ọkùnrin tó wọ awò ojú ni Dókítà Ọládipúpọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù kan níbẹ̀. Obìnrin tó gbé báàgì tẹ̀lé e ni Abigail, nọ́ọ̀sì rẹ̀. Dókítà fọwọ́ kanlẹ̀, Abigail kúnlẹ̀, wọ́n kí i kú ọyẹ́, wọ́n kí i kú iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Dókítà là á yé e pé ìwádìí ni àwọn ń ṣe káàkiri Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ń wá àwọn àgbà tó ti dàgbà dàgbà tí ara wọn ṣì le, kí àwọn lè mọ ohun tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn, nígbà tí ẹlòmíràn kò ní tíì pé ọgọ́ta ọdún kí ara rẹ̀ tó daṣẹ́ sílẹ̀.

“Kò sí nǹkan tó ṣe mí,” ni Mọ̀ríámọ̀ wí. “Kò síbi tó ń dùn mí.”

“Ohun tó gbé wa wá gan-an nìyẹn, Ìyá.”

Mọ̀ríámọ̀ wo baálé, baálé náà wo ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti dáyé, ẹni tí ara ń ni ló mọ̀ tó ń wá dókítà lọ. Dókítà tó wá kúrò ní ìlú rẹ̀ tó ń wá ẹni tí nǹkan kan kò ṣe kiri, ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó wá ń ṣe é bíi pé nǹkan ń ṣe òun tí òun kò mọ̀, tí wọn kò sì fẹ́ sọ ọ́ lójú òun.

Wọ́n bi í léèrè ohun tó ń jẹ, bó ṣe ń sùn, ìgbà tó máa ń jí, bóyá ó máa ń mutí, bóyá ó máa ń fín áṣáà. Wọ́n ní kí ó dìde lórí àpótí láìfọwọ́ ti nǹkan, ó dìde. Wọ́n gbé irin kan fún un kí ó fi gbogbo agbára rẹ̀ fún un lọ́wọ́, ó fún un, Abigail sì wo ojú irin náà, ó mi orí. Dókítà ka orúkọ nǹkan mẹ́ta sí i létí, ó ní iṣu, ó ní ọ̀bẹ, ó ní ẹṣin. Nígbà tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ mìíràn díẹ̀, ó ní kí Ìyá sọ àwọn nǹkan mẹ́ta náà fún òun. Mọ̀ríámọ̀ sọ wọ́n, ṣùgbọ́n ó bi í, tàánútàánú, bóyá ó ti gbàgbé wọn ni. Abigail rẹ́rìn-ín. Mọ̀ríámọ̀ kò mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Níkẹyìn wọ́n so okùn rọ́bà mọ́ ọn lápá, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò kéékèèké. Bí wọ́n ti ń palẹ̀ mọ́ ni Marufat ti ọjà dé, ó ń mí gúlegúle, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú jáde nínú bàtà. Nígbà tó gbọ́ pé dókítà ni wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun wo ẹsẹ̀ náà. Dókítà ní kí ó má pẹ́ lọ sí ọsibítù ìjọba, pé àwọn àgbà nìkan ni àwọn wá bá lónìí, àwọn ilé mìíràn sì ń dúró de àwọn. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò wá gbé Ìyá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó pẹ́, wọ́n sì lọ.

Marufat dúró síbẹ̀, ó ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà. “Èmi tí ara mi kò yá ni wọn kò wò,” ló wí, ó sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ àwọn dókítà náà kò kúrò nílẹ̀ nínú agbolé. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ fún Ìyá ní ẹ̀bùn. Àwọn mìíràn ní wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe oògùn fún àwọn olówó. Mọ̀ríámọ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò dá sí i. Ní ọjọ́ kan, ó lọ tú omi dà lẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́ ohùn Mùjídàt lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, níbi tó ti ń bá obìnrin ilé kejì sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú ni Mùjídàt. Ikú ọkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni.

“Àwọn dókítà pàápàá ti rí i,” ni Mùjídàt ń wí. “Wọ́n ti rí i pé ọjọ́ ayé tó ń bẹ lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Múrítàlá lọ, Nùrẹ́nì lọ, ó tún ku Marufat tí ẹsẹ̀ ń wú. Òun sì rèé, ó ń jẹ àgbàdo.”

Mọ̀ríámọ̀ mú agbè rẹ̀ dání, kò rántí tú omi náà dà. Ó padà sínú yàrá pẹ̀lú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé òun ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí i lọ́kàn. Láti ìgbà òkú Nùrẹ́nì ni àwọn ọmọ Mùjídàt kò ti wá jẹun nínú yàrá òun mọ́. Òun ti rò pé wọ́n ti dàgbà ni.

Ohun tó dà á láàmú jù ni pé kò lè búra. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní ó jí ewúrẹ́, yóò mọ̀ pé òun kò jí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ pé ẹni tó ń lo ọjọ́ ayé ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀ pé òun ń lò ó, pé ojú oorun ni wọ́n ti ń fún ènìyàn ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ. Ó rántí pé òun jẹ ẹran lójú àlá rí, ẹran tó dùn. Ṣé kí Nùrẹ́nì tó kú ni àbí lẹ́yìn rẹ̀? Kò dá a lójú. Bó ti ń gbìyànjú láti rántí, bẹ́ẹ̀ ni àlá náà ń yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, títí tí kò fi mọ̀ mọ́ bóyá òun lá a rárá.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Alfa Shamsudeen tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nítòsí mọ́sálásí. Alfa gbọ́ ọ tán, ó ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ó ní Ọlọ́run Ọba ló kọ ìpín oníkálukú, kò sí ẹni tó lè fi wákàtí kan kún un tàbí kí ó yọ ọ́ kúrò, kò sì sí ẹ̀dá tó lè jẹ ti ẹlòmíràn. Ara Mọ̀ríámọ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó dúpẹ́, ó dìde. Ọmọbìnrin Alfa kékeré kan ń ṣeré nílẹ̀ níbẹ̀, Mọ̀ríámọ̀ sì tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ẹ̀pà sísè jáde, ó nà án sí i. Kí ọmọ náà tó gbà á, Alfa ti pè é wọlé pé ìyá rẹ̀ ń wá a.

Ẹ̀pà ṣẹ́kù sọ́wọ́ Mọ̀ríámọ̀. Ó lè jẹ́ pé ìyá ọmọ náà ń wá a lóòótọ́. Ó rìn dé ilé, kò tíì mọ èyí tí yóò gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ tí Alfa fi ẹnu sọ ni, àbí ọmọ tó pè wọlé.

Nígbà tí ọkọ̀ ọsibítù dé láti gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, Mọ̀ríámọ̀ ti múra sílẹ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ wá ìtumọ̀ sí ohun tí àwọn dókítà ń ṣe. Ó ti gbọ́ pé nígbà tí ọkọ̀ gbá ọmọ ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí i lára tó fi yè. Ó wá rò pé ohun tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó le, kí wọ́n lè fà á sí ara àwọn tí tiwọn kò dára. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà yé e. Ó ní Marufat ni yóò bá òun lọ, àfi Marufat.

Marufat pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì, ó tẹ̀lé e. Ó gbé orí ti fèrèsé ọkọ̀, ojú rẹ̀ wà lára àwọn oko tí ọyẹ́ ti gbẹ. Mọ̀ríámọ̀ bi í bóyá ebi ń pa á, ó ní rárá. Ó bi í bóyá orí ń fọ́ ọ, ó ní díẹ̀. Ìgbà kan tí Mọ̀ríámọ̀ yíjú padà, ó rí i pé Marufat kò wo oko mọ́, òun ni Marufat ń wò, ọmọ náà sì tètè gbé ojú kúrò. Ó wá yé Mọ̀ríámọ̀. Marufat náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Mùjídàt. Kì í wá ṣe pé ó gbọ́ ọ nìkan, ó ń rò ó.

Ní ọsibítù, wọ́n ya fọ́tò egungun àyà rẹ̀, wọ́n ní kí ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀pá rọ́bà kan títí èémí rẹ̀ fi tán, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe èyí tán, wọ́n ní kí ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyá arúgbó kan ti wà níbẹ̀, ó dá gèlè funfun, ó mú igi sọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò fi ara tì í. Ó ní Martha lorúkọ òun, láti abúlé kan ní Iresa ni ọkọ̀ ti gbé òun wá, òun ṣì ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ òun, ìjọ Onítẹ̀bọmi sì ni òun látọjọ́ táwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ti ri òun bọmi. Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀pá rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì mọ ohun tó wà fún.

Nígbà tó ṣe, Mọ̀ríámọ̀ bi í pé ọmọ mélòó ló ní.

“Mẹ́fà ni mo bí,” ni Martha wí. “Ọ̀kan ló kù. Ó wà ní Jọ́ọ̀sì, ó ń tajà. Ó ti pẹ́ tó wálé.”

Mọ̀ríámọ̀ rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ṣé wọn kì í sọ nǹkan sí yín?”

Martha mọ ohun tó ń bi òun, kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. “Ní ìjọ wa, wọn kì í fi ẹnu sọ ọ́,” ló wí. “Wọ́n máa ń gbàdúrà lórí rẹ̀ ni. Wọ́n á ní kí Ọlọ́run gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ agbára ilé bàbá àti ilé ìyá, wọ́n á sì di ojú wọn, kí n má baà rí i pé èmi ni wọ́n ń wò.”

“Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rò?”

Martha ní òun ti rò ó títí ó sú òun. Ó ní bí òun bá jí láàárọ̀ tí òun rí i pé òun jí, òun kì í mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun bẹ̀bẹ̀. Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì pè é, ó sì dìde lọ.

Mọ̀ríámọ̀ kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó wọlé lọ bá Dókítà Ọládipúpọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, dókítà sáré dì í mú. Ó ní òun ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, òun sì fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun tó kù, iye tó bá wù wọ́n, kí wọ́n fà á sí ara ọmọ òun tó wà níta. Bó bá jẹ́ pé nǹkan ọmọ náà wà nínú rẹ̀, kí ó gba nǹkan rẹ̀ padà. Bí kò bá sì sí, kí ó gba ti òun.

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó ní, “Ìyá, ta ló sọ fún yín pé nǹkan ọmọ yín wà lára yín?”

Mọ̀ríámọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ẹsẹ̀ tó ń wú, ti orí fífọ́, ti Múrítàlá àti Nùrẹ́nì, bí wọ́n ṣe lọ. Dókítà kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn rí, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn gbà, wíwò ni àwọn ń wò ó, kò ní wọ ara ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó pe Abigail pé kí ó mú Marufat wọlé.

Abigail wé aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ Marufat lápá, ó fún un, ó fi etí sí i. Ó tú u, ó tún un wé sí apá kejì. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Dókítà. Dókítà fúnra rẹ̀ jókòó tì í, ó wọ̀n ọ́n. Ó ní Marufat kò ní bá ọkọ̀ náà padà sí Ọ̀yọ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga débi pé ó ya òun lẹ́nu bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn. Ó tún ní ó yẹ kí òun ti wò ó ní ọjọ́ tí òun wá sílé wọn. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù, wọ́n ń fún un ní oògùn, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìde.

Mọ̀ríámọ̀ jókòó tì í lórí àpótí. Àwọn obìnrin mìíràn nínú wọ́ọ̀dù ń bi í bóyá òun ni ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, ó sì ń fẹ́ kí wọ́n má bi òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí orí Marufat fúyẹ́ díẹ̀, ó la ojú, ó wo ìyá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò gbé ojú kúrò.

“Ìyá,” ló wí, “ohun tí wọ́n ń sọ nílé, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

Mọ̀ríámọ̀ ti ń bẹ̀rù ìbéèrè yìí, ó sì ti rò pé bó bá dé, òun yóò sunkún tàbí kí òun bínú. Kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

“N ò mọ̀, ọmọ mi,” ló wí. “Alfa ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń ṣe é, n ò mọ̀ pé mò ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi fún ọ. Wọ́n kọ̀.”

Marufat wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ògiri, ó fi àyè sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀ kúrò lórí àpótí, ó jókòó síbẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ náà mọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ọ̀yọ́, ẹsẹ̀ Marufat kò wú mọ́, ó sì mú hóró oògùn bọ̀ tí wọ́n ní yóò máa lò títí ayé rẹ̀. Èyí náà tún di ọ̀rọ̀. Agbolé ní wọ́n ti fi ẹ̀jẹ̀ ìyá sí ara ọmọ. Marufat ní irọ́ ni, oògùn ni. Wọn kò gbà á gbọ́. Mọ̀ríámọ̀ pàápàá, nígbà mìíràn, a máa rò pé bóyá wọ́n fà á sí i lára nígbà tí òun lọ kírun, tí wọ́n kàn fi í pamọ́ fún òun. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò kúkú fẹ́ bi wọ́n.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, Dókítà wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó bi Mọ̀ríámọ̀ léèrè bí Sùmọ́nù ọkọ rẹ̀ ṣe kú àti bí àwọn arákùnrin Sùmọ́nù ṣe kú. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó bèèrè bóyá Nùrẹ́nì bímọ ọkùnrin. Wọ́n pe Basit, àkọ́bí Mùjídàt, géńdé tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní tirẹ̀ náà ti ń gòkè, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́. Ó ní irú àrùn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, ó sì jọ pé ọ̀dọ̀ Sùmọ́nù ló ti wá, ṣùgbọ́n òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà, nítorí pé kò sí ẹni tó wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ti lọ.

Mùjídàt wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Ṣé ọ̀dọ̀ bàbá wọn àgbà ni?” ló bèèrè.

“Ó jọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Basit.”

Mùjídàt kò sọ pé òun ṣìwí. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ tó kéré jù wá jẹ ẹ̀kọ ní yàrá Mọ̀ríámọ̀. Lọ́jọ́ kejì kò wá. Ó tún wá nígbà mìíràn. Mọ̀ríámọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ló ń rán an, tàbí ìyá rẹ̀ ló ń dá a dúró.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ Dókítà mú inú Mọ̀ríámọ̀ dùn. Ṣùgbọ́n Sùmọ́nù jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn. Ọkùnrin tí kì í jẹun kí àwọn ọmọ tó jẹ ni. Bí ẹrù náà bá ti wá kúrò lórí òun tó sì lọ sórí òkú tí kò lè sọ̀rọ̀, kò mọ̀ bóyá ìrọ̀rùn nìyẹn. Ọjọ́ mìíràn a máa wù ú kí ó padà sórí òun.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Abigail nìkan ló wá. Ó ní Dókítà Ọládipúpọ̀ ti lọ sí Saudi, bí ọ̀pọ̀ dókítà ṣe ń lọ nígbà náà, àti pé ìwádìí náà ti dúró, owó tí wọ́n fi ń ṣe é ti tán. Ó kàn ní kí òun ya kí Ìyá ni. Mọ̀ríámọ̀ béèrè Martha ti Iresa. Abigail ní Martha ti kú. Ó ti oko dé, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀.

“Kí ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ wa?” ni Mọ̀ríámọ̀ bèèrè.

“Wọn kò rí nǹkan kan, Ìyá. Gbogbo rẹ̀ ló dára, ti yín àti ti Ìyá Martha.”

“Kí ló wá dé tó fi kú, tí n ò sì tíì kú?”

Abigail ní ohun tí àwọn fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn, àwọn kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Ó jẹun níbẹ̀, ó wọn ẹ̀jẹ̀ Marufat kó tó lọ, ó ní ó dára.

Mọ̀ríámọ̀ kò tún wá ẹni tó lè sọ ọ́ fún un mọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń rànwú. Láàárọ̀ kí Marufat tó lọ sí Akẹ̀sán, Mọ̀ríámọ̀ a rí i dájú pé ó ti lo oògùn rẹ̀, a sì ní kí ó máa rọra rìn. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà, àdúrà rẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀mí gígùn ló máa ń tọrọ fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ. Nísinsìnyí, nígbà tó bá kírun tán tó sì tẹ́wọ́, kì í tọrọ gígùn, kì í tọrọ kúkúrú, nítorí pé kò mọ èyí tó yẹ kí ẹni bíi tòun tọrọ. Ó ní kí Ọlọ́run ṣáà jẹ́ kí Marufat sin òun.